Láptọ́ọ̀pù mi ti gbó, ẹnjiníà ní kí n pààrọ̀ bọ́ọ̀dù: ṣé kí n gbà?

Ìbéèrè tó wọlé láti Ṣómólú nìyí: "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe: káàdì ìgbéyàwó, bánà, ìwé ètò ìsìnkú. HP EliteBook 840 G1 ni mò ń lò, i5, RAM 4GB, hard disk 500GB. Tòkunbọ̀ ni mo rà á. Ó ti pẹ́ tó ti ń falẹ̀, CorelDRAW kì í tètè ṣí mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, NEPA dá iná dé lójijì, iná náà sì lágbára jù. Látìgbà náà, nígbà míì iná ara rẹ̀ á tàn, fáànù á máa yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á dúdú. Nígbà míì kò ní tàn rárá. Ẹnjiníà kan ní Computer Village ní bọ́ọ̀dù ti kú, pé òun lè fi bọ́ọ̀dù i7 sí i, tàbí kí òun kúkú fi ti G3 sí i kó lè di ti ìgbàlódé. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé àwọn iṣẹ́ oníbàárà mi tó wà nínú rẹ̀ kò ní lọ?"

Ẹ kú ìrójú. Ẹ jẹ́ kí n ti ìparí ìbéèrè yín bẹ̀rẹ̀, torí òun ni kò ṣeé fi tàfàlà. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà yín kò sí lára bọ́ọ̀dù (motherboard, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́). Inú hard disk ló wà, hard disk inú 840 G1 sì dá dúró lọ́tọ̀, ó ṣeé yọ. Bí bọ́ọ̀dù bá kú pátápátá lónìí, ẹ lè yọ hard disk yẹn, kí ẹ kì í bọ àpótí USB tí wọ́n ń tà fún hard disk 2.5-inch, kí ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kí ẹ sì kó gbogbo iṣẹ́ yín jáde. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó gbé láptọ́ọ̀pù náà fún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì fi hard disk sílẹ̀ sílé nígbà tí ẹ bá ń lọ. Ẹnjiníà kò nílò rẹ̀ láti mọ ohun tó ń ṣe bọ́ọ̀dù. Láptọ́ọ̀pù tí kò ní hard disk ṣì gbọ́dọ̀ tan ojú, kó sì sọ pé òun kò rí hard disk. Ohun kan ṣoṣo ló lè dí yín lọ́wọ́: bí ẹni tó ti lò ó tẹ́lẹ̀ tàbí ẹ̀yin fúnra yín bá ti fi BitLocker tì í. Ara bọ́ọ̀dù ni chip TPM tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ BitLocker wà, nítorí náà bí hard disk bá ti kúrò lórí bọ́ọ̀dù yẹn, nọ́ńbà ìgbàpadà oní-dígíìtì 48 ló máa béèrè. Bó bá jẹ́ pé àkáǹtì Microsoft ni ẹ fi ń wọlé, ẹ wò ó níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti wà ní ìpamọ́.

Ní ti bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín. Ọ̀kan ni pé láptọ́ọ̀pù ń falẹ̀, èkejì ni pé kò tàn dáadáa mọ́. Ó ti ń falẹ̀ tipẹ́ kí iná tó ṣe é ní jàǹbá, nítorí náà kì í ṣe ohun kan náà ló fà wọ́n. Ẹnjiníà yín wá kọ oògùn kan ṣoṣo fún àìsàn méjèèjì. Bọ́ọ̀dù mìíràn lè wo èkejì sàn, bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ti ìsinsìnyí ti kú. Kò lè wo ti àkọ́kọ́, owó yín á sì ti lọ kí ẹ tó mọ̀.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. i5 àti i7 jẹ́ orúkọ prọ́sẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí ilé iṣẹ́ Intel ń ṣe. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èèyàn lè yọ prọ́sẹ́sọ̀ kan kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe nínú láptọ́ọ̀pù náà nígbà kan: EliteBook 8460p àti 8470p, ThinkPad T420 àti T430, Dell Latitude E6420 àti E6430, gbogbo wọn ló ní ihò tí prọ́sẹ́sọ̀ ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n prọ́sẹ́sọ̀ tí lẹ́tà U bá gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, irú i5-4300U tó wọ́pọ̀ nínú 840 G1, jíjó ni wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù láti ilé iṣẹ́. Nígbà tí Intel fi máa dé ìran karùn-ún, gbogbo prọ́sẹ́sọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún láptọ́ọ̀pù ti di jíjó mọ́ bọ́ọ̀dù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ i7 fi ní láti ra odindi bọ́ọ̀dù. Kí wá ni i7 ọ̀hún máa fi kún un? i5-4300U ní core 2 (bí ọpọlọ méjì nínú ẹyọ kan) àti thread 4 (ọ̀nà iṣẹ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà), ó ń sáré láti 1.9GHz dé 2.9GHz, cache rẹ̀ (ibi ìpamọ́ kékeré inú rẹ̀) jẹ́ 3MB. i7-4600U tó máa ń wà lórí bọ́ọ̀dù G1 ní core 2 àti thread 4 bákan náà, láti 2.1GHz dé 3.3GHz, cache rẹ̀ jẹ́ 4MB. 15W ni agbára àwọn méjèèjì. Orúkọ i7 ló ń tan ènìyàn jẹ níbí: i7 inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ìgbà náà ní core 4, ti inú láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní i. Ẹ kò ní rí ìyàtọ̀ owó yẹn nígbà tí ẹ bá ń ṣí CorelDRAW.

Ti G3 tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. 840 G1 àti G2 jọra, bátìrì kan náà ni wọ́n ń lò. G3 kò bá wọn tan. Ara rẹ̀ tín-ín-rín ju tiwọn lọ, ihò skúrù rẹ̀ àti ibi tí ẹnu USB àti ti ṣájà wà yàtọ̀, bátìrì rẹ̀ yàtọ̀. RAM G1 jẹ́ DDR3L, ẹsẹ̀ 204, tó ń lo 1.35V, ti G3 jẹ́ DDR4, ẹsẹ̀ 260, tó ń lo 1.2V, ọ̀kan kò lè wọ ihò èkejì. Ẹnu ṣájà G1 ni ẹnu ńlá 7.4mm, ti G3 ni ẹnu kékeré 4.5mm. Ẹni tó bá ní òun máa fi bọ́ọ̀dù G3 sínú ara G1, yálà ó fẹ́ tà G3 odidi fún yín lábẹ́ orúkọ àtúnṣe, tàbí kó jẹ́ pé kò tíì tú méjèèjì wò rí. Ẹ bi í léèrè ní tààrà. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, kò burú, ṣùgbọ́n owó láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni kí ẹ fi bá a dúnàádúrà, kí ara G1 yín sì dín owó náà kù.

Ohun tó ń mú kí ó falẹ̀ wá ńkọ́? Hard disk ni, àti RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ sí. Hard disk láptọ́ọ̀pù ní abọ́ tó ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, abẹ́rẹ́ kan sì gbọ́dọ̀ rìn lọ sí ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà kó tó kà á. Bó bá jẹ́ fáìlì ńlá kan ló ń kà, ó lè ṣe nǹkan bíi 100MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. SSD SATA lásán, ibi ìpamọ́ tí kò ní abọ́ tó ń yí, ń ṣe nǹkan bíi 500MB. Àmọ́ fáìlì ńlá kan kọ́ ni Windows àti CorelDRAW ń ṣí nígbà tí wọ́n bá ń jí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké ni, fọ́ǹtì lóríṣiríṣi, ibẹ̀ sì ni SSD ti ń fi hard disk sílẹ̀ jìnnà réré. RAM 4GB náà kò tó. Tí Windows bá ti jí, tí ẹ ṣí Chrome àti iṣẹ́ bánà kan, RAM ti kún. Windows á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi hard disk ṣe RAM, hard disk tó ti ń falẹ̀ tẹ́lẹ̀ á gba ẹrù kejì. Ihò RAM méjì ló wà nínú 840 G1, ó sì lè gba 16GB lápapọ̀, 8GB nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i dájú pé PC3L, ìyẹn DDR3L, ni wọ́n kọ sára RAM tí ẹ bá rà. PC3 tí kò ní L ń lo 1.5V, prọ́sẹ́sọ̀ yín kò fẹ́ ẹ, ó sì lè mú kí ojú dúdú gan-an bí ẹ ṣe ń rí i yìí. SSD 240GB tàbí 480GB pẹ̀lú RAM 8GB ni ìmúdárasí tí láptọ́ọ̀pù yìí nílò. Kí ẹnìkan fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀ kó lọ ra bọ́ọ̀dù i7, kó sì dá hard disk àtijọ́ padà sínú rẹ̀, fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí pé kò tàn. Mi ò gbà pé bọ́ọ̀dù yín ti kú, ìdí mi sì wà nínú lẹ́tà yín: ẹ ní ó ń tàn nígbà míì. Bọ́ọ̀dù tó ti ṣọ́ọ̀tì pátápátá lẹ́nu ọ̀nà iná kì í tàn lónìí kó kọ̀ lọ́la. Ńṣe ló máa dákẹ́ síbẹ̀. Èyí tó ń ṣe bí i tiyín sábà máa ń jẹ́ RAM tí kò jókòó dáadáa, ṣájà tàbí bátìrì tí agbára rẹ̀ ti dínkù, BIOS (ètò kékeré inú chip orí bọ́ọ̀dù tó ń jí ẹ̀rọ) tó dàrú, tàbí ọ̀nà iná kan lórí bọ́ọ̀dù tó ti rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì jóná. Èmi kò rí i lójúkojú, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ ara yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ṣájà. Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú mítà: kí wáyà pupa mítà kan ara inú ẹnu náà, kí dúdú kan ara òde, ẹ má jẹ́ kí èyíkéyìí kan pín tó wà láàárín. 19.5V ló yẹ kí ẹ rí, tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn. Pín àárín yẹn ló ń sọ irú ṣájà tó jẹ́ fún láptọ́ọ̀pù. Bí wáyà rẹ̀ bá ti já, láptọ́ọ̀pù lè kọ̀ láti gba ṣájì bó tilẹ̀ jẹ́ pé mítà ń ka 19.5V. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ ṣí ìdérí ìsàlẹ̀, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí iná tó kù lára rẹ̀ lè tán. Ẹ yọ RAM, ẹ fi ìrésà fúnfun nu ẹsẹ̀ rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, kí ẹ dá a padà sínú ihò kejì. Bó bá jẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ṣájà nìkan tàn án láìsí bátìrì.

Tí fáànù bá yí tí ojú ṣì dúdú, ẹ so tẹlifíṣọ̀n tàbí mọ́nítọ̀ mọ́ ẹnu VGA tàbí DisplayPort rẹ̀. Bí àwòrán bá jáde níbẹ̀, bọ́ọ̀dù yín kò kú: síkírìnì tàbí wáyà rẹ̀ ló ní ìṣòro. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí síkírìnì nínú òkùnkùn pẹ̀lú; bí ẹ bá rí àwòrán ráúráú, iná ẹ̀yìn síkírìnì nìkan ló lọ. Ẹ wo iná Caps Lock náà. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú kó tó sinmi, torí HP ti kọ ìtumọ̀ iye kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ wọn, èyí sì lè fi hàn yín bóyá RAM ni, tàbí BIOS, tàbí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ BIOS ló dàrú, àwọn EliteBook ní ọ̀nà ìgbàpadà: ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti B pọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná fún bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì sí mẹ́ta, pẹ̀lú fláàṣì tí ẹ ti fi fáìlì BIOS G1 sí láti orí ìkànnì HP. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, a ti dé orí bọ́ọ̀dù. Iná wà lára olórí ohun tó ń pa bọ́ọ̀dù ní Èkó. Nígbà tí NEPA bá dá iná padà, fóltì lè fò sókè fún ìgbà díẹ̀ kí gbogbo àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí AVR rẹ̀ (ohun tó ń mú kí fóltì dúró sójú kan) ti bàjẹ́ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ lálaalẹ́. Ṣájà gidi ń gba láti 100V dé 240V, ó sì ní ohun tó ń jẹ ìyà náà dípò bọ́ọ̀dù. Ayédèrú kò ní in. Èyí tó kọ́kọ́ máa ń lọ ni àwọn MOSFET (ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe bíi suíìṣì fún iná) tó wà lẹ́nu ọ̀nà tí iná ṣájà gbà wọlé, tàbí kapásítọ̀ kan tí kò tó hóró ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Omi àti iyọ̀ náà wà níbẹ̀. Fún àwọn tó ń gbé ní Lekki àti Victoria Island, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń jẹ ẹsẹ̀ chip díẹ̀díẹ̀ títí á fi di aláwọ̀ ewé. Eruku àti ooru náà wà níbẹ̀, paapaa bí paste tó wà láàárín prọ́sẹ́sọ̀ àti irin ìtutù bá ti gbẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun wọ̀nyí ló ṣeé tún ṣe láìpààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ní owó tó kéré gan-an sí ti bọ́ọ̀dù. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ máa fi iná láti orí ẹ̀rọ tó ń ka ampere bọ bọ́ọ̀dù náà, ó máa wo iye tó ń fà kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì àti lẹ́yìn rẹ̀, ó máa wọn 3.3V àti 5V tó yẹ kó wà lórí bọ́ọ̀dù kódà nígbà tí wọn kò tíì tàn án, ó sì máa ní àwòrán tó ń fi ọ̀nà iná bọ́ọ̀dù náà hàn lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀tì ni, á fi fóltì kékeré sí ọ̀nà yẹn, á da spírítì lé e, ibi tí spírítì bá ti kọ́kọ́ gbẹ ni ọ̀daràn wà. Bó bá jẹ́ BIOS ni, á fi ẹ̀rọ bíi CH341A ka chip ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ náà, á fi ohun tó kà pamọ́, kó tó kọ tuntun sí i. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ní bọ́ọ̀dù ti kú, ìbéèrè yín ni pé: ibo ni iná dé tó dúró? Kí ni mítà kà? Bí kò bá lè dáhùn, kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ẹrù yín. Computer Village kò mọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Láti Otigba títí dé Ola-Ayeni, ẹ ó rí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bọ́ọ̀dù nìkan, tí àwọn ẹnjiníà mìíràn fúnra wọn ń gbé iṣẹ́ fún.

Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi bílówà gbóná prọ́sẹ́sọ̀ tàbí chip ńlá kan kó lè jí. Lẹ́ẹ̀dì (solder, irin yíyọ́ tí wọ́n fi ń jó chip mọ́ bọ́ọ̀dù) tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ báyìí, tí kò ní òjé nínú, ń yọ́ ní nǹkan bíi 217°C, ti àtijọ́ tó ní òjé ń yọ́ ní 183°C. Bí ooru kò bá dé ibẹ̀, kò sí ohun tó yọ́. Bó bá kọjá ibẹ̀ láìsí ìwọ̀n, bọ́ọ̀dù á wú, àwọn ohun tó wà nítòsí á ṣí kúrò láyè wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ máa ń jí lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí, á ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á tún kú, torí inú chip fúnra rẹ̀ ni ìṣòro wà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn chip àwòrán tí NVIDIA ya 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe wọn lọ́dún 2008: kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbóná wọn tó máa wo wọ́n sàn.

Bó bá wá jẹ́ dandan láti ra bọ́ọ̀dù, ti G1 oní-i5 gan-an ni kí ẹ rà, irú èyí tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ti àtijọ́ jáde kí ẹ tó lọ rajà, kí ẹ ya fọ́tò gbogbo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ti ara bébà àti èyí tí wọ́n tẹ̀ sára pátákó fúnra rẹ̀. Àwọn 840 G1 kan ní chip àwòrán AMD lọ́tọ̀, àwọn mìíràn kò ní. Irin ìtutù wọn kò dọ́gba, bí ẹ bá sì ṣe àṣìṣe, irin yín kò ní bo chip kejì, á jóná. Lẹ́yìn nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ páswọ́ọ̀dù BIOS ló kàn. Púpọ̀ nínú bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ wá láti inú láptọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ òkè òkun, àwọn kan ṣì wà lábẹ́ páswọ́ọ̀dù tàbí Computrace (ètò tí wọ́n fi ń tọpa ẹ̀rọ tí wọ́n bá jí) tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi tì í. Ẹ tẹ F10 lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ wọ inú BIOS, kí ẹ yí nǹkan kékeré kan padà kí ẹ sì fi pamọ́. Bí ó bá béèrè páswọ́ọ̀dù, ẹ dá a padà. Ẹ má sanwó bọ́ọ̀dù tí ẹ kò rí kó tan ojú, tí ẹ kò sì rí kó ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán wákàtí kan pẹ̀lú fídíò, Wi-Fi, gbogbo ẹnu USB, ohùn, àti bátìrì tó ń gba ṣájì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà sára rìsíìtì, pẹ̀lú nọ́ńbà bọ́ọ̀dù náà, torí ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró ní Ìkẹjà.

Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ dúró tì wọ́n. Bátìrì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ, ṣáájú ohun gbogbo. Àwọn skúrù kò gùn bákan náà. Kí wọ́n to wọ́n sórí bébà bí wọ́n ṣe ń yọ wọ́n, torí skúrù gígùn nínú ihò kúkúrú lè gún bọ́ọ̀dù tàbí kó wú ike ìtẹ́wọ́. Wáyà pẹlẹbẹ kíbọ́ọ̀dù àti ti páàdì ní ìdè kékeré tí wọ́n ń gbé sókè kí wọ́n tó fà á. Ẹni tó bá fà á lásán á já ìdè náà, kíbọ́ọ̀dù á wá máa ṣe ségesège. Kí wọ́n nu paste gbígbẹ kúrò pátápátá, kí wọ́n kán tuntun kékeré sí àárín prọ́sẹ́sọ̀, kí wọ́n di skúrù irin ìtutù ní ìgun sí ìgun, díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tú eruku inú fáànù dànù, kí wọ́n sì fi bátìrì CMOS (bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù tó ń tọ́jú aago àti ètò BIOS) tuntun sí i, torí ó kéré, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Kí wọ́n tàn án kí wọ́n tó dé ìdérí.

Lẹ́yìn èyí, Windows lè sọ pé òun kò ní ìwé àṣẹ mọ́. Láti ìgbà Windows 8, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú BIOS bọ́ọ̀dù, nítorí náà bọ́ọ̀dù tuntun lè gbé tirẹ̀ wá, ó sì lè má ní rárá. Nọ́ńbà ẹ̀rọ yín náà á yí padà, ẹnjiníà tó mọ̀ ọ́n lè kọ ti àtijọ́ sí i.

Gbogbo rẹ̀ wá já sí iye tí ẹ fẹ́ ná lórí ẹ̀rọ tó ti pẹ́. Microsoft dá ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù October, ọdún 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ní ti Intel sì ni, prọ́sẹ́sọ̀ ìran kẹjọ sókè. Prọ́sẹ́sọ̀ G1 yín jẹ́ ìran kẹrin, ti G3 tí wọ́n fẹ́ tà fún yín jẹ́ ìran kẹfà: kò sí èyí tó kúnjú òṣùwọ̀n nínú méjèèjì. 840 G5 tó ní prọ́sẹ́sọ̀ ìran kẹjọ ni ibi tí EliteBook 840 ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúnjú rẹ̀, i5 ìran kẹjọ rẹ̀ sì ní core 4. Ìyẹn ni ìgbésókè gidi, kò sì sí bọ́ọ̀dù G1 kankan tó lè fún yín ní in. Ìmọ̀ràn mi nìyí: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe là á sílẹ̀, bí kò bá dáhùn, ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún bọ́ọ̀dù ṣe, kì í ṣe ẹni tó ń tà á. Bó bá jí, ẹ fi SSD àti RAM sí i, á ṣe iṣẹ́ káàdì àti bánà yín fún ìgbà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe báńkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, torí ìtọ́jú Windows 10 tó ti dúró. Bí kò bá jí, tí owó bọ́ọ̀dù i5 pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ sì ti kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó G5 tòkunbọ̀ tí wọ́n dán wò, ẹ jáwọ́ níbẹ̀, kí ẹ máa fi owó yẹn kún ti G5. SSD tí ẹ bá rà kò ní ṣòfò, torí bí kò bá rí ibi wọ̀ nínú ẹ̀rọ tuntun, àpótí USB á sọ ọ́ di ibi tí ẹ ń kó iṣẹ́ oníbàárà pamọ́ sí. RAM DDR3L ni kò ní bá yín lọ, nítorí náà bí ẹ̀rọ kò bá tíì jí, ẹ má tíì rà á.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ wá nǹkan ṣe sí iná Ṣómólú. UPS kékeré tàbí stabilizer tó dára láàárín ihò iná àti ṣájà kò wọ́n tó bọ́ọ̀dù. Bí iná bá lọ, ẹ yọ ṣájà lójú ògiri. Bó bá dé, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó dá a padà. Tí ẹ bá sì pààrọ̀ bọ́ọ̀dù nígbẹ̀yìn, ẹ gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnjiníà kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Chip BIOS tó gbé nọ́ńbà ẹ̀rọ yín àti kọ́kọ́rọ́ Windows yín ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tó máa tún tuntun ṣe lọ́jọ́ iwájú sì lè rí MOSFET tàbí ẹnu USB yọ lò níbẹ̀.